Ẹ Fi Ti Ládìpọ̀ Sílẹ̀, Ẹ Tún Tiyín Ṣe

"Ẹni tó bá ṣì ń tú ẹ́ńjìnnì l'Ékòó lóde òní, ìṣẹ́ ló ń bá a jà." Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ló là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Bọ́ládé, Òṣòdì, lójú oníbàárà rẹ̀, ó sì tún fi ẹ̀rín gbè é. Èéfín búlúù ń rú lẹ́yìn Camry ìyá oníyàá. Ọ̀gá ò yọ púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo, kò wọn agbára sílíńdà kankan, etí lásán ló fi gbọ́ ọ, ó ti ní kí wọ́n lọ gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wá láti Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Irọ́ ni. Ẹ tún ẹ́ńjìnnì yín ṣe. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo gbà kéèyàn lọ ra òmíràn: bí ọ̀pá písítìn bá ti lu bílọ́ọ̀kù já, tí ìfun ẹ́ńjìnnì ti tú síta. Ìyẹn ti kú, ẹ sin ín. Èyí tó kàn ń mu ọ́ìlì, àìsàn ló ń ṣe é.

Camry tí wọ́n ń sọ yìí, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní Muscle ni, oní-lítà 2.4. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ti 2007 sí 2009, 2AZ-FE, òkìkí rẹ̀ ti kàn káyé nídìí ọ́ìlì mímu. Ríǹgì tó yẹ kó máa ha ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà ló máa ń dì mọ́ písítìn, ọ́ìlì á wá gòkè lọ jóná pẹ̀lú epo. Toyota fúnra rẹ̀ ò jiyàn. Ní 2011, ó kọ̀wé sáwọn tó ń bá a tún ọkọ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà: èyí tó bá ń mu tó kúọ́ọ̀tì kan láàárín 1,200 máìlì, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi písítìn àti ríǹgì tí wọ́n ti tún ṣe pààrọ̀ ti inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó rọ ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ló ní kí wọ́n tú u o. Ṣé ìṣẹ́ ló ń bá Toyota náà jà?

Níbo wá ni ẹ́ńjìnnì tó wà ní Ládìpọ̀ ti wá? Abẹ́ irú Camry yẹn náà ni, ọdún kan náà, tí wọ́n wó palẹ̀ lókè òkun, tí ògbólógbòó písítìn sì lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá oníyàá á wá lọ fi owó gọbọi ra irú àìsàn tó ti ní lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá yìí ní èsì, kì í ṣe pé kò ní. Ó ní ẹ́ńjìnnì òyìnbó ni, ọ̀nà tó dán ló rìn, ọ́ìlì gidi ló mu. Ó dáa. Kí ló dé tí òyìnbó fi jù ú nù? Èèyàn kì í gbé ọkọ̀ tó ń dùn ún wà lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tà. Ó lè jẹ́ pé ó forí sọgi, ó lè jẹ́ pé omi gbé e, ó sì lè jẹ́ pé ó ti darúgbó. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á fi epo bẹntiróòlù àti dísù fọ̀ ọ́ títí tá á fi máa kọ mọ̀nà, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ibi tó ti ń jò, ó di ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí táyà, wọ́n á so bátìrì mọ́ ọn, wọ́n á da epo sí i láti inú ike, á sì ké fún ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjì! Kò gbé èèyàn, kò gun afárá, kò jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Òṣòdì dé Mile 2 lọ́sàn-án gangan. Kò tilẹ̀ tíì gbóná. Òun ni ọ̀gá ń pàtẹ́wọ́ fún: "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!" Bó bá di oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á. Wọ́n á ní ó ti relé.

Mo mọ ohun tó ń mú ọ̀gá fẹ́ràn pípààrọ̀. Ẹ́ńjìnnì kan sọ̀kalẹ̀, òmíràn gòkè, ilẹ̀ ò ní ṣú kí wọ́n tó parí, ẹni tó tajà náà á sì rántí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun ìwọ̀n wọn kiráńkì, kó mọ àlàfo tó yẹ kó wà lẹ́nu ríǹgì, kó ní sùúrù láti to gbogbo bóòtù sílẹ̀ bó ṣe yọ wọ́n. Àìmọṣẹ́ ló fi aṣọ ọlọ́rọ̀ bora.

Ọ̀gá tún ní ayédèrú ló kún ọjà, pé ríǹgì tí a máa rà ò ní jẹ́ ojúlówó. Ọjà wo? Ọjà tó ní ká ti lọ ra odidi ẹ́ńjìnnì náà ni!

Ẹ jẹ́ n bú àwọn ọ̀gá lórí tàmọ́sítáàtì, ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Àìmọye mẹkáníìkì ló máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná. Ohun tí wọ́n ṣe kó máa ṣí nígbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè yá, kó sì dúró síbi ooru tó bá a mu! Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á bu omi ẹ̀rọ sí rédíétọ̀, ìpẹtà á di gbogbo ihò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á hó, orí rẹ̀ á tẹ̀, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n á wá so tòkunbọ̀ mọ́ rédíétọ̀ kan náà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

   

Ìran mẹkáníìkì tó ṣáájú wọn ò ṣe báyìí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Beetle pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1975, tí wọ́n sì ń to Peugeot 504 ní Kàdúná, títú ni wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì. Sílíńdà àwọn méjèèjì ń yọ lọ́tọ̀ ni: ẹ fa ti àtijọ́ jáde, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìn rẹ̀, ọkọ̀ tún di Ìbàdàn. Wọ́n á ní ti ìsinsìnyí ò rí bẹ́ẹ̀, pé ògiri rẹ̀ tín-ín-rín, kò ṣe é gbẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ? Ríǹgì tó dì ò ní kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà ńkọ́? Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ ò yí ìwé, ọlọ́pàá tó bá fẹ́ jẹun lára yín ti rí oúnjẹ. Bó bá sì lọ jẹ́ ẹrù olè, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé. Ti owó ò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn: láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, dọ́là ló ń wọn odidi ẹ́ńjìnnì fún wa. Dọ́là náà ló ń wọn ríǹgì, àmọ́ ríǹgì mélòó ló wúwo tó ẹ́ńjìnnì?

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó wọn agbára sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Kó da ọ́ìlì díẹ̀ sí èyí tó rọ jù, kó tún un wọ̀n. Bí iye yẹn bá gòkè, ríǹgì ni. Bí kò bá gòkè, kó lọ wo fáàfù àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá ní òun ò ní ohun ìwọ̀n, pé etí òun ti tó, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.