Lẹ́tà Gbangba Sáwọn Tó Ń Fi Ẹran Dán Ẹ̀rọ Ọkàn Wò

Kí ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn tó ti rẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀ tó dé ara èèyàn, àyà àgùntàn tàbí ọmọ màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹran náà ò ní àìsàn kankan. Níbi àpérò kan n'Íbàdàn, wọ́n fi èsì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹnìkan béèrè ohun tó ń ṣe ọkàn àgùntàn náà. Wọ́n ní kò sóhun tó ń ṣe é, pé ìdí nìyẹn tí èsì fi mọ́ kedere. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ẹran tára rẹ̀ le wúlò dé ààyè kan. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ yóò dì nínú ẹ̀rọ, tàbí bóyá àrùn yóò gba ojú wáyà wọlé. Ìyẹn ò ṣeé bù kù. Àmọ́ ọkàn tó le ń ti ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ó lè bo àléébù ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

Àwọn kan máa ń dá àìsàn sílẹ̀: wọ́n á fi hóró kéékèèké dí iṣan tó ń bọ́ ọkàn, tàbí kí wọ́n fi iná mànàmáná mú ọkàn sáré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ abẹ ẹran mọ̀ pé bí wọ́n bá pa iná náà, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n ń yìn!

Iṣan dídí kọ́ ló sábà ń mú kí ọkàn kùnà nílẹ̀ yìí. Nínú àkọsílẹ̀ Abẹ́òkúta, 2009 sí 2010, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ìdá 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kùnà. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru bà jẹ́ lè nípọn, kí yàrá òsì rẹ̀ sì há. Bí ẹ̀rọ bá ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú yàrá tó há, ògiri ọkàn lè lẹ̀ mọ́ ẹnu túùbù, kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn mọ́. Àgùntàn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ò lè sọ nǹkan kan nípa èyí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pàtẹ́wọ́ ló ń tọ́jú ará Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ n'Íbàdàn tí ẹsẹ̀ wọn ti wú.

Wọ́n lè rojọ́ pé dídá irú ọkàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára àgùntàn, nípa fífún iṣan ńlá ọkàn rẹ̀ pọ̀ kí ọkàn lè nípọn, ń gba oṣù, ó sì ń náni lówó. Òótọ́ ni. Àgùntàn kúkúrú tó ń jẹ̀ kiri àdúgbò Bẹyẹrúnkà n'Íbàdàn pàápàá kéré jù fún ẹ̀rọ àgbàlagbà. Ó yẹ kẹ́nìkan bẹ̀rẹ̀ níbìkan ṣá. Ní báyìí ná, kí gbogbo ìròyìn ìdánwò kọ ipò tí ọkàn ẹran wà sójú ewé àkọ́kọ́.