Òǹtẹ̀ ìjọba lára igi gẹdú kò tó: Ó yẹ kí igi lè sọ igbó tí ó ti wá

Ẹni tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lóru yóò mọ agbégilódò dáadáa. Ọkọ̀ ńlá ni, ìtì igi ràbàtà ni wọ́n máa ń fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké a sì máa yà fún un bí ìgbà tí ọba bá ń kọjá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ènìyàn sì wo ìdí àwọn igi náà níbi tí ayùn ti gé wọn, yóò rí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi òòlù lù sí wọn lára. Òǹtẹ̀ ẹni tí ó ni igi wà níbẹ̀, ti ìjọba náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wà nídìí òwò gẹdú tí kò mọ̀ pé igi tí kò bá ní òǹtẹ̀ ìjọba lára, igi olè ni.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí tọmọdé tàgbà ilẹ̀ Yorùbá bi ara wọn ni pé, kí gan-an ni òǹtẹ̀ yìí ń jẹ́rìí sí? Ohun kan ṣoṣo ni: pé ẹnì kan ti san owó fún ìjọba. Òǹtẹ̀ náà kò sọ ibi tí kùkùté igi yìí wà. Kò sọ bóyá igi náà ti gbó tó èyí tí à ń gé. Kò sọ bóyá wọ́n gbin òmíràn dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bóyá àwọn tí wọ́n ń gbé létí igbó náà rí ohunkóhun gbà nínú èrè rẹ̀. Rìsíìtì lásán ni, ṣùgbọ́n ojú ìwé ẹ̀rí ni gbogbo wa fi ń wò ó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè rí rèé tí wọ́n fi wá ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1992, àwọn ìjọba àgbáyé ṣe ìpàdé ńlá kan ní Rio de Janeiro lórí ọ̀rọ̀ àyíká, ṣùgbọ́n wọn kò lè fẹnu kò lórí òfin tí yóò de gbogbo wọn nípa igbó. Nígbà tí ó di ọdún 1993, àwọn oníṣòwò igi, àwọn tí ń jà fún ààbò igbó àti àwọn aṣojú àwọn tí igbó jẹ́ ilé wọn kó ara wọn jọ, wọ́n sì dá àjọ Forest Stewardship Council sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí FSC. Ní ọdún 1999, àjọ mìíràn tí ń jẹ́ PEFC tẹ̀lé e ní Yúróòpù.

Bí FSC ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ènìyàn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọn kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ni yóò wọ inú igbó lọ. Wọn yóò wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní ètò tí ó sọ iye igi tí yóò gé lọ́dún àti bí igbó yóò ṣe padà sípò. Wọn yóò béèrè nípa owó oṣù àti ààbò àwọn agégi, wọn yóò sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ará abúlé bóyá wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ kò sì tán sínú igbó. Ẹni tí ó la igi sí pákó, ẹni tí ó ra pákó náà tà, àti ẹni tí ó fi kan àga, gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ tiwọn, kí ó lè ṣeé ṣe láti tọ ipa igi náà láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Nàìjíríà ti rí ohun tí ojú ń rí níbi tí ìwé bá wà tí òtítọ́ kò sí nínú rẹ̀. Igi kan wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kosso, èyí tí àwọn ará China fi ń kan àga àti ibùsùn olówó gọbọi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti sọ ọ́ di èèwọ̀ láti kó igi náà kọjá bodè láìsí ìwé àṣẹ tí ó jẹ́rìí pé gígé rẹ̀ kò ní pa á run. Ní ọdún yẹn kan náà, àjọ Environmental Investigation Agency gbé ìròyìn jáde pé ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ìtì igi kosso láti Nàìjíríà, tí iye rẹ̀ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là, tí wọ́n gé lọ́nà tí kò bófin mu, tí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ tí àwọn aláṣẹ bu ọwọ́ lù kó wọ China. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2018, CITES ti dábàá pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè dáwọ́ ríra igi yìí láti Nàìjíríà dúró. Àtolè àtolóòótọ́ ni ó jọ pàdánù ọjà náà, nítorí pé kò sí ohun tí olóòótọ́ lè fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé, ẹni tí ó bá gbin ọgọ́rùn-ún ebè tí ó pè é ní igba, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn nìkan ni, kí ó wo àwọn igbó ọba tí ó wà nítòsí. Igbó Ọ̀mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti wà nínú àwọn igbó tí àjọ UNESCO kà sí ohun iyebíye fún gbogbo àgbáyé láti ọdún 1977, erin sì ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Inú igbó yìí àti igbó Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ìjọba gbin igi gmelina sí lọ rẹrẹẹrẹ, èyí tí àwọn agégẹdú ń pè ní mẹláínà, kí ilé-iṣẹ́ ìpépà tí wọ́n kọ́ sí Ìwópin lè máa rí igi lò. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti pinnu. Igi dàgbà, kò sí pépà tí wọn yóò fi ṣe, àwọn agégẹdú ni ó sì jogún rẹ̀. Nígbà tí à ń gbìn, a kò fi ọkàn sí ẹni tí yóò rà á. Nígbà tí à ń gé e, a kò fi ọkàn sí ẹni tí yóò tún un gbìn.

Ibi tí àṣìṣe náà wà kò fara sin. Ẹ̀ka tí ń pa owó wọlé ni ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ka ẹ̀ka igbó sí. Bí ọdún bá parí, iye owó tí ó wọlé ni wọ́n ń bi ọ̀gá ibẹ̀, wọn kì í bi í ní iye igi tí ó gbìn tí ó sì yè. Ìrókò kan lè gbà ju àádọ́ta ọdún lọ kí ó tó di igi tí ènìyàn lè là sí pákó gidi, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ìjọba ń yí padà. Kò sí gómìnà tí yóò gé ìrókò tí ó bá gbìn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọ̀rọ̀ igbó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gba owó nìkan, kí ẹlòmíràn tí kò sí nínú owó náà máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé ilẹ̀ adúláwọ̀ kò lè ṣe é. Irọ́ ni. Láti ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ CIB ti gba ìwé ẹ̀rí FSC fún igbó Kabo ní Congo Brazzaville. Ghana tí ó wà nítòsí wa bá Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún 2009 pé igi tí òfin mọ̀ sí nìkan ni òun yóò máa tà fún wọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi ṣe làálàá rẹ̀, wọ́n ń fún igi àti kùkùté ní nọ́ńbà, wọ́n sì ń tọ ipa rẹ̀ dé etí òkun. Ní ọdún 2025, Ghana di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó ń fi ìwé àṣẹ irú èyí tẹ̀lé igi rẹ̀ lọ sí Yúróòpù. Indonesia nìkan ni ó ṣáájú rẹ̀ ní gbogbo ayé, ní ọdún 2016.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá ti agégẹdú nìkan. Òfin tí àwọn ará Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 sọ pé igi, kòkó, rọ́bà, epo pupa àti àwọn nǹkan mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọdún 2020 ni wọ́n ti wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ọjọ́ tí wọ́n sì dá fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá báyìí ni 30 oṣù kejìlá ọdún 2026. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin kòkó létí igbó ọba ní Oǹdó tàbí Ọ̀ṣun kò gé gẹdú rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí ó lè fi hàn pé oko bàbá òun ni oko òun, tí kì í ṣe igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, kòkó rẹ̀ lè di ohun tí oníbàárà ń sá fún.

Àwọn tí ń la pákó káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní èsì tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní owó àwọn olùyẹ̀wò pọ̀, pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni agbára rẹ̀ ká. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n FSC fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí igbó wọn kéré láti para pọ̀ gba ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń para pọ̀ ra ohun tí ẹnì kan kò lè dá rà. Wọ́n tún ní irọ́ lè wọ inú ìwé ẹ̀rí náà. Òótọ́ tún ni, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí ó ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni sàn ju òǹtẹ̀ tí kò ṣeé pa rẹ́ lọ. Ní ọdún 2013, FSC já okùn àjọṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Danzer nítorí ìwà ipá tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará abúlé kan ní Congo Kinshasa ní ọdún 2011, kò sì gbà á padà bí kò ṣe ìgbà tí ó mú àwọn ìlérí kan ṣẹ.

Èsì wọn tí ó lágbára jù lọ ni pé àwọn kò tà sókè òkun. Lóòótọ́, ìtì igi àti pákó wà lára ohun tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó jáde ní Nàìjíríà. Òrùlé ilé, ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àti pósí ni a ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi wa ṣe nílé níbí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò béèrè ibi tí igi ti wá, nígbà tí kò sí òyìnbó tí yóò béèrè?

Ìjọba ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé oníbàárà ńlá ni òun náà. Àga àti tábìlì ilé-ìwé, òrùlé ọsibítù, ilẹ̀kùn sẹkitéríàtì, igi ni gbogbo rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2009 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ra igi tí kò bófin mu, tí kò sì wá láti igbó tí wọ́n ń tọ́jú. Kò sí ohun tí ó ní kí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fún igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kí ayùn tó kàn án, kí nọ́ńbà kan náà wà lára kùkùté, lára ìtì àti nínú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ agbégilódò. Kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà wà ní ààfin àti ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè wò ó. Kí apá kan nínú owó òǹtẹ̀ má dé àpò ìjọba rárá, kí wọ́n fi í pamọ́ fún gbígbin igi. Kí wọ́n sì fún àwọn àgbẹ̀ tí ebi ilẹ̀ ń pa ní àyè láti máa gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ láàárín ọmọ igi, kí wọ́n máa bá ìjọba tọ́jú rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe é rí nínú àwọn igbó ọba wa. Lẹ́yìn náà, kí àṣẹ jáde pé kọngiráátọ̀ tí kò bá lè fi nọ́ńbà igi rẹ̀ hàn kò ní gba owó iṣẹ́.

Bí ìjọba bá bẹ̀rẹ̀, káfíńtà yóò máa béèrè, onílé náà yóò sì máa béèrè. Agégẹdú olóòótọ́, tí ó ń san owó tí ó sì ń gbin igi, yóò wá ní ohun tí yóò fi ta ọjà rẹ̀ ju ti olè lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, kí á máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ọ̀rẹ̀ lónìí yóò fẹ́ kan ilẹ̀kùn sí ilé tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí àwọn tí ó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ igi rántí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé òòlù sókè.