ÒRÙLÉ ỌKỌ̀ OMI KÌ Í ṢE ÒRÙLÉ ILÉ O!

Káfíńtà kan ló kọ̀wé sí wa láti Ẹ̀pẹ́. Ó ní òun ti fi ọwọ́ ara òun kan ọkọ̀ onípákó, tí ìyàwó òun yóò máa fi kó gààrí àti ẹja gbígbẹ gba orí ọ̀sà lọ sọ́jà. Oòrùn àti òjò ń fìyà jẹ obìnrin náà àti ọmọ tó ń pọ̀n, nítorí náà òun fẹ́ kan yàrá kékeré sínú ọkọ̀ ọ̀hún, kí òun fi páànù bò ó. Ó ti ra páànù tán. Ó wá ń bi wá pé báwo ló ṣe yẹ kí igi tí yóò gbé e ró nípọn tó.

Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú aya. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta páànù yẹn fún ẹni tó ń kọ́lé.

Gbogbo ẹni tó ti wọkọ̀ omi rí ló mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkọ̀ á dúró. Ẹ dìde wàyí! Ó ti ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún nìyẹn, awakọ̀ á sì pariwo mọ́ yín. Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sanra sí i ni? Rárá o. Ìwúwo yín ló ròkè. Òrùlé ni èrò tí kì í jókòó láéláé. Igi ńlá àti páànù tí ẹ kó lé òkè lè fa ọkọ̀ dojú dé bí ìgbì bá dé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà nínú yàrá kì í tètè ráyè jáde bí ẹni tó wà níta. Ẹ má kan ilẹ̀kùn sí i rárá; ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí gbayawu níwájú àti lẹ́yìn.

Ooru páànù ńkọ́? Mo ti jókòó sábẹ́ rẹ̀ lórí omi rí lọ́sàn-án gangan. Ńṣe ni mo dà bí ẹja tí wọ́n ń yan!

Ohun tí ẹ ó ṣe rè é. Ẹ wá púláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jẹ́ mìlímítà 4, ìpele méjì. Láàárín wọn, ẹ tẹ́ fóòmù funfun líle tó nípọn tó íǹṣì 1, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Bí ẹni fi ẹyin sáàárín búrẹ́dì ni. Púláíwúùdù ẹsẹ̀ 8 sí ẹsẹ̀ 4 tó jẹ́ mìlímítà 12 lè wúwo tó kílò 20. Alápapọ̀ yìí á wà ní nǹkan bí kílò 15, ká yọ igi etí rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ ó le ju ẹyọ kan tó nípọn yẹn lọ dáadáa, nítorí pé ìpele méjèèjì jìnnà síra, gọ́ọ̀mù sì so wọ́n pọ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sínú fóòmù ni kì í jẹ́ kí ooru ráyè kọjá. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra nígbà tó bá ti tẹ̀ lórí igi bí ẹ̀yìn ìjàpá. Bó bá gbẹ, kò ní nà mọ́, òjò á sì máa ṣàn dànù. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun, jàre, ẹ má fi dúdú ṣe fáàrí.

Gọ́ọ̀mù ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Èyí tí àwọn ṣúmẹ́kà ń lò máa ń jẹ fóòmù yìí bí iná ṣe ń jẹ òrí. Oje tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà náà ń jẹ ẹ́, bẹntiróòlù ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ ẹ́. Epoxy, èyí tí wọ́n ń pò láti inú agolo méjì, kì í jẹ ẹ́. Ohun yòówù kí ẹ rà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù fóòmù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí gbogbo etí rẹ̀ pátá. Ibi tí ìṣó bá gbà wọlé láìdí ni omi ń gbà wọlé, púláíwúùdù á sì jẹrà láti inú.

Ìyàwó yín ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dáná sábẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe sítóòfù kékeré. Fóòmù yìí tètè ń gbiná, èéfín rẹ̀ dúdú, ó sì ń kán sára èèyàn. Àpò gààrí kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ gun orí òrùlé náà, ọmọkọ́mọ kò sì gbọdọ̀ gùn ún.

Kí ìyàwó tó wọ̀ ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ sínú omi tí kò jìn, kí ẹ kó àpò yanrìn tó tó ẹrù rẹ̀ sí i. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Bí ó bá yára padà, ó dáa. Bí ó bá ń rọra padà bí ẹni tí oorun ń kùn, òkè rẹ̀ ti wúwo jù nìyẹn: ẹ tú u, kí ẹ dín gíga rẹ̀ kù. Ẹ kọ̀wé sí wa padà, kí a gbọ́ bó ṣe rí.