Ẹ yé fi epo pa bíréèkì kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ wa lẹ́nu mọ́!

Ẹ̀yin ará wa ní Akpakpa, ẹ̀yin ti Porto-Novo, Sakété, Kétu àti ẹ̀yin tó wà ní òdìkejì ààlà! Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwa tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ilé ìwé kò lè dákẹ́ lé lórí mọ́.

Kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ń ti Yúróòpù wọ Cotonou lónìí kì í ṣe irú Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn. Ti Raleigh, rọ́bà ló ń tẹ etí àgbá kẹ̀kẹ́. Àwọn kan nínú ti òde òní, àwo irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín àgbá, páàdì méjì, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní plaquette, á sì fún àwo náà mọ́ra. Àwo yìí àti páàdì rẹ̀ kò fẹ́ kí epo kàn wọ́n rárá.

Kí wá ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe? Bí kẹ̀kẹ́ ọmọ bá ń ké kíín-kíín, wọ́n á kán epo ẹ́ńjìnnì sí àwo. Ariwo á dákẹ́. Bàbá ọmọ á sanwó, á ní ọ̀gá yìí mọṣẹ́. Ó mọṣẹ́ kẹ̀? Bíréèkì ló pa yẹn! Bí ọmọ bá wá kó sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ní títì Porto-Novo, wọ́n á ní àyànmọ́ ni. A kọ̀ ọ́. Epo tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kán kì í ṣe àyànmọ́.

Àwọn mìíràn burú ju èyí lọ: wọ́n á tú bíréèkì iwájú dànù, wọ́n á ní òun ló ń dá ọmọ ṣubú. Ẹ gbọ́ o: nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ dúró, iwájú ni ìwúwo ń rọ́ lọ. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ kọ́ ọmọ kó máa rọra tẹ méjèèjì pọ̀. Ẹ má tú u.

Wọ́n á ní kò sówó. Àyẹ̀wò kì í gbówó. Bó ṣe rí nìyí:

Bí ó bá ń ké, tí kò sì mú dáadáa, ó ṣeé ṣe kí epo ti kàn án. Ẹ fi aṣọ mímọ́ àti alcool ilé oògùn nu àwo. Bí epo tó wà lára páàdì bá ṣe díẹ̀, ẹ fi sáńdípépà ha ojú rẹ̀. Bí epo bá ti mu ún yó, ẹ ra òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún níbi tí ọkọ̀ kò sí, ẹ sáré díẹ̀, ẹ rọra tẹ bíréèkì, ẹ ṣe é bí ìgbà ogún, títí yóò fi mú.

Bí ó bá ń ha ṣáá láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, páàdì kò dúró déédéé. Ẹ dẹ bóòtì méjì tó so ẹ̀rọ náà mọ́ ara kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ẹ tó tún bóòtì dè. Bó bá ń ha níbì kan ṣoṣo, àwo ló ti tẹ̀.

Bí ọwọ́ bíréèkì bá ń wọlé títí kan ibi tí ọmọ dì mú, ẹ kọ́kọ́ wo páàdì. Bí ohun tó kù lórí irin rẹ̀ kò bá ju ìdajì mìlímítà lọ, ó ti parí. Bó bá jẹ́ oníwáyà, ẹ fún wáyà náà. Bó bá jẹ́ olómi, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, tàbí ó ń jò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da epo tó bá ṣáà ti rí sí i. Shimano ń lo epo mineral, àwọn mìíràn ń lo DOT. Ẹ kà á lára rẹ̀: bí ẹ bá ṣì í lò, rọ́bà inú rẹ̀ á bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ má fọwọ́ kan àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán, ó gbóná.

A kò bú àwọn mẹkáníìkì o. Bí ọ̀gá wọn ṣe kọ́ wọn ní ti Raleigh ni wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ilẹ̀ Benin ní ìwé ẹ̀rí CQM fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó fún ọmọ iṣẹ́ ní fírídọ̀ọ̀mù, ẹ jẹ́ kó tún bíréèkì aláwo ṣe lójú yín, láìkán epo.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé béèrè pé “ṣé kò pariwo mọ́?” Ẹ béèrè pé “ṣé ó ń dúró?” Kí ẹ tó sanwó, ẹ gùn ún, ẹ tẹ̀ ẹ́. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọmọ tiwa ni, títì tiwa ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì yín lónìí.