Iṣẹ́ Ni Kí A Sanwó Fún, Kì í Ṣe Ìwé Ìrìnnà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá èdè-àìyedè sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ ẹnjiníà lókè òkun àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pè wọ́n wálé. Ẹni tó ti fi ọdún 10 tàbí 15 ṣiṣẹ́ ní London tàbí Houston fẹ́ padà sí Èkó. Wọ́n bi í pé èló ni yóò máa gbà lóṣù. Ó ṣẹ́ owó tó ń gbà lọ́hùn-ún sí náírà, ó sì dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní ojúkòkòrò ni. Ẹnjiníà náà ní àwọn ará ilé kò mọyì òun. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n tí kò tọ́ ni àwọn méjèèjì ń lò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti lé ní 1,500. Ká ní 5,000 dọ́là ni ẹnjiníà kan ń gbà lóṣù. Ní iye àkọ́kọ́, owó náà jẹ́ 2,300,000 náírà. Ní iye kejì, ó di 7,500,000. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò yí padà. Afárá tó ń yàwòrán rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan gùn sí i. Ẹni tó bá wá ní dandan ni kí wọ́n fi dọ́là ṣírò owó oṣù òun, iye tí wọ́n ń ta dọ́là ló ń béèrè, kì í ṣe iye iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ká ní ó gba 2,300,000 náírà yẹn, tó sì wálé ní ìdajì ọdún 2023. Kí ọdún méjì tó pé, owó náà kò ju bíi 1,500 dọ́là lọ mọ́. Bó bá ṣì ń san gbèsè ilé tó rà lọ́hùn-ún ńkọ́? Lítà epo bẹntiróò tó jẹ́ nǹkan bí 200 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti sún mọ́ 1,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Epo jẹnẹrétọ̀, omi, owó ilé-ìwé ọmọ, àpò ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò ti jáde. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ìbẹ̀rù ọjọ́ iwájú wà nínú owó ńlá tó ń dárúkọ yẹn.

Ta wá ni a ń gbàgbé? Ẹni tí kò lọ síbì kankan ni. Ó jáde ní yunifásítì tàbí ní poli níbí, ó mọ bí ilẹ̀ àbàtà Lẹ́kì ṣe ń rì, ó mọ oníṣòwò tó ń ta irin tí kò pé ìwọ̀n. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú ẹnìkan láti òkè òkun wá jókòó tì í, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, owó ìkejì sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tirẹ̀. Òun náà ni wọ́n tún ní kó máa mú àlejò mọ iṣẹ́! Àwa tí a ṣe poli mọ irú ọgbẹ́ yìí. Ó pẹ́ tí àwọn tó ní HND ti ń ké pé ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fi ń dá àwọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe.

Ẹ yí i padà kí ẹ tún wò ó. Òfin ọdún 2010 lórí iṣẹ́ epo rọ̀bì àti gáàsì sọ pé àwọn àjèjì kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá 5 nínú 100 àwọn ipò ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ lọ. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó bá dìde lórí àga, tí ọmọ wa jókòó síbẹ̀, tí wọ́n sì gé owó àga náà sí ìdajì nítorí pé ọmọ onílẹ̀ ni, ìrẹ́jẹ kan náà ni. Àga ló lowó, kì í ṣe ìwé ìrìnnà ẹni tó jókòó lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ pinnu owó ipò kan kí ẹ tó rí ojú ẹni tó fẹ́ ẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìkéde yín. Bí ẹnìkan bá ní ìmọ̀ tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbí, ẹ san owó ìmọ̀ náà ní gbangba, kí ó sì fi kọ́ àwọn tó bá nílé. Owó tí yóò fi kó ẹrù wálé, tí yóò fi gba ilé, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ owó oṣù.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń bọ̀ wálé, ẹ béèrè iye tí ẹni tó wà nírú ipò yẹn ń gbà níbí. Ẹ ṣírò ohun tí ẹ ó ná ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kì í ṣe ohun tí ẹ ń gbà ní pọ́n-ùn. Ẹ béèrè ètò ìlera. Ẹ béèrè owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 sí i. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ pé wọn yóò tún owó náà yẹ̀ wò lọ́dọọdún bí ọjà bá gbówó lórí. Èyí wúlò ju kí ẹ fi ìbẹ̀rù bu owó gọbọi lọ́jọ́ kìíní. Kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, nítorí láìṣe bẹ́ẹ̀, òfin kò gbà kí ẹ pe ara yín ní ẹnjiníà nílẹ̀ yìí.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. A fẹ́ kí àwọn ọmọ wa padà wálé. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bọ̀ lóko má bá ẹni tó ń ṣọ́ ilé lórí ebi.