Ohun Tí Àwọn Ejẹ́ńtì Ń Tà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó Kì Í Ṣe Tiwọn

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Àkúrẹ́, tó kọjá Ọ̀wẹ̀nà, tó sì dorí kọ Bọ́lọ́runduró lọ sí Oǹdó, kì í pẹ́ tí pátákó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Orúkọ òyìnbó ló pọ̀ jù lára wọn. Wọ́n ń polówó ilẹ̀ tí kò ní wàhálà, ìlú tó dákẹ́ rọ́rọ́, pulọ́ọ̀tì tó yẹ kéèyàn rà lónìí kó tó di ọ̀wọ́n lọ́la. Lẹ́yìn pátákó náà, kókó ń bẹ níbẹ̀, ọ̀pẹ ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó gbìn wọ́n sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko ní àràárọ̀. Lójú ejẹ́ńtì, ilẹ̀ òfìfo ni. Ní 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kókó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, orúkọ tí wọ́n ń pe oko kókó náà kò yí padà: ilẹ̀ òfìfo.

Ojú yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé, kì í ṣe ejẹ́ńtì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fetí sí àwọn oníṣẹ́ yìí nígbà tí wọ́n bá ń júwe ìlú kéékèèké fún oníbàárà láti Èkó tàbí láti òkè òkun, ohun kan náà ni yóò máa gbọ́. Wọ́n á ní Oǹdó ṣì ń sùn. Wọ́n á ní Àkúrẹ́ ti ń lajú, àmọ́ owó ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì tó bó ṣe yẹ. Wọ́n á ní àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, aládùúgbò á bá ọ wo ọmọ, olè kò wọ́pọ̀, oúnjẹ pọ̀. Ó jọ ìyìn létí. Ṣùgbọ́n bí alágbàtà bá ń yin ọjà, iye tó fẹ́ tà á ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní ti pé Oǹdó ń sùn, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ yẹ kó pẹ́ nílẹ̀. Ìlú tó ní Lóbùn, obìnrin olóyè gíga tí ọ̀rọ̀ ọjà wà níkàáwọ́ rẹ̀ kí òyìnbó tó dé, tó ń tọ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí láti àwọn ọdún 1960, tí Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn sì ti wà níbẹ̀ láti 2015, kò sùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní oorun ni pé owó ilé ibẹ̀ ṣì wà níwọ̀n tí tíṣà lè san.

Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé ta ló ṣe ìdákẹ́rọ́rọ́ tí wọ́n ń tà yìí? Ẹ wo àwọn àdúgbò tó yí ìlú Àkúrẹ́ ká, lọ́nà Ọ̀dà, lọ́nà Ìjọ̀kà àti níbòmíràn. Ìtàn kan náà ni. Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kọ́kọ́ kọ́lé sínú igbó. Iná kò sí. Òjò kan péré ti tó láti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀, wọ́n ń ṣèpàdé lóṣooṣù lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀ọ̀dẹ̀ alága, wọ́n ń jà lórí owó, wọ́n ń parí ìjà. Wọ́n dáwó ra òpó iná. Wọ́n dáwó ra tiransifọ́mà tó yẹ kí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná rà fún wọn. Wọ́n da òkúta síbi tí ọkọ̀ ti ń rì, wọ́n gba ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ àdúgbò lóru. Ẹni tí kò lówó á yọjú pẹ̀lú ṣọ́bìrì tàbí kó bu omi fún àwọn tó ń la gọ́tà. Ó lè gba ọdún mẹ́jọ, ó lè gba mẹ́wàá.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti gún régé ni ejẹ́ńtì máa ń dé. Yóò fi fóònù ya àwòrán ọ̀nà, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná wà, ọ̀nà wà, ààbò wà. Pulọ́ọ̀tì tó sún mọ́ tiransifọ́mà á gbówó lórí. Nínú owó tó gorí rẹ̀ yẹn, ejẹ́ńtì á mú tirẹ̀, ẹni tó ni ilẹ̀ á mú tirẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò sì ní padà sọ́dọ̀ àwọn tó ra tiransifọ́mà. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò wá gbé ibẹ̀. Yóò mọ odi yí i ká, yóò ti géètì, koríko á hù títí yóò fi ga ju odi lọ, ejò á sì máa ti ibẹ̀ yọ sí ilé ẹlòmíràn. Kò mọ̀ pé ìpàdé ń bẹ, nítorí ẹni tó ta ilẹ̀ fún un kò sọ fún un. Bí irú odi bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ ju ilé tí èèyàn ń gbé lọ, owó ọdẹ kò ní pé mọ́, ìpàdé á tú ká, ààbò tí wọ́n fi polówó ilẹ̀ á sì lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn ejẹ́ńtì ti wà ní àdúgbò mìíràn.

Ti ayálégbé tún burú ju èyí lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí FUTA sílẹ̀ ní 1981, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló jẹ́ pé ìta ọgbà ni wọ́n ń gbé. Nígbà kan, òbí ló máa ń mú ọmọ rẹ̀ wá bá onílé. Ọmọ á kúnlẹ̀, ìyá onílé á bi í pé ọmọ ìlú ibo ni, ta ni bàbá rẹ̀, kí ló ń kọ́. Kì í ṣe pé ìyá náà jẹ́ áńgẹ́lì. Ó lè pariwo nítorí omi, ó lè ní kí àlejò kúrò kí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dá ọmọ yẹn dùbúlẹ̀, òun ni yóò se àgbo, òun ni yóò ránṣẹ́ sílé. Bí owó ilé bá fì díẹ̀, á gbọ́ ẹ̀bẹ̀, torí ó mọ ẹni tó ń bẹ òun.

Lónìí, ejẹ́ńtì ló dúró sí àárín. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ san owó kó tó fojú rí yàrá. Lẹ́yìn owó ilé, owó kọmíṣọ̀n ń bẹ, owó àgírímẹ́ǹtì ń bẹ, owó tí wọ́n ní àwọn á dá padà bí ayálégbé kò bá ba nǹkan jẹ́ tún ń bẹ. Ẹ bi àwọn tó ti kó kúrò bóyá wọ́n rí i gbà. Ẹ jẹ́ kí yàrá kan jẹ́ 200,000 náírà lọ́dún. Bí ejẹ́ńtì bá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá fún kọmíṣọ̀n, tó tún gba ìdá kan nínú mẹ́wàá fún àgírímẹ́ǹtì tó jẹ́ bébà kan ṣoṣo, 40,000 náírà ti kún un láìjẹ́ pé bíríkì kan kún ilé. Onílé ló pe ejẹ́ńtì níṣẹ́, ayálégbé ló ń san owó iṣẹ́. Alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn àgbà kò purọ́.

Ohun kan tún wà nínú ìṣirò yìí tí àwọn onílé kì í fiyè sí. Ejẹ́ńtì kì í jèrè púpọ̀ lára ayálégbé tó pẹ́ nílé. Ìgbà tí ẹnì kan bá kó jáde tí ẹlòmíràn sì kó wọlé ni kọmíṣọ̀n tuntun ń wọlé. Nítorí náà, òun ni yóò sọ fún onílé pé owó ilé rẹ ti kéré jù, pé ilé kejì ti fi kún tirẹ̀, pé kó lé tíṣà tó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án jáde, torí ẹnì kan ń bọ̀ tó lè san ìlọ́po méjì. Ìlú tí aládùúgbò ti ń bá ni wo ọmọ, ìlú tí ènìyàn ti ń pẹ́ níbì kan ni. Ẹni tí ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àwọn ará ilé kò mú oúnjẹ wá fún kò lè dáàbò bo ìwà àdúgbò, bó ti wù kó yìn ín tó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé ní Oǹdó yẹ kó gba àlàyé tirẹ̀. Onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, P. C. Lloyd, kọ ìwé Yoruba Land Law tó jáde ní 1962, Oǹdó sì wà lára àwọn ìlú tó yẹ̀ wò fínnífínní. Ohun tó rí níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Oǹdó: ọmọ ń ti ọ̀dọ̀ bàbá jogún, ó sì ń ti ọ̀dọ̀ ìyá jogún. Àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ kan lè tàn ká ilé mẹ́fà, kí orúkọ ìdílé wọn má sì jọra. Ejẹ́ńtì tó fi ojú Èkó wo ìlú kò mọ èyí. Olórí ìdílé ló ń bèèrè. Bí wọ́n bá fi ọkùnrin kan tó dàgbà hàn án, ó tán. Ọkùnrin náà á buwọ́ lùwé, ọmọ rẹ̀ kan á ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n á ka owó. Ọdún kejì, àwọn ọmọ ìyá á dé pẹ̀lú lọ́yà.

Òfin kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú lórí èyí. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìjọba àpapọ̀ ti là á sílẹ̀ pé bí olórí ìdílé bá dá ilẹ̀ ìdílé tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ìdílé yòókù, àwọn yẹn lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ìdílé kan lásán ló tà á bíi pé ti gbogbo ìdílé ni, títà náà kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà, kò sì sọ ìbuwọ́lù ẹnì kan di ti gbogbo ẹbí. Síbẹ̀, ẹ wo iye ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Kò sí ẹni tó ń kọ bẹ́ẹ̀ sára ilé rẹ̀ ní ìlú tí ẹ̀rù alágbàtà kò bà á.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí ti pọ̀ jù, pé ejẹ́ńtì ń ṣe iṣẹ́ gidi. Òótọ́ ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n gbé wá sí Àkúrẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò lè máa kan ilẹ̀kùn kiri. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ fi ilé bàbá rẹ̀ l'Oǹdó sílẹ̀ fún ayálégbé nílò ẹni tí yóò bá a mójú tó o. Ìwà ìlú kékeré pàápàá kò mọ́ láìlábàwọ́n: onílé wà tí kò ní gba ẹ̀yà kan sílé, ó wà tí kò ní gba obìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Ẹ kíyè sí i pé ejẹ́ńtì kan náà tó ń yin ìwà ọmọlúàbí ìlú ló ń jẹ́ irú iṣẹ́ ìríra bẹ́ẹ̀ fún onílé, tí yóò sì kọ ọ́ sínú ìpolówó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ yìí wà, àwọn tí òfin 1975 ní kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn adíyelé ilé àti ilẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀rù ìbáwí. Kì í ṣe irú wọn ló ń fi nọ́ńbà fóònù lẹ ara òpó iná ní ẹnu ọ̀nà ọgbà FUTA.

Ohun tó kù ni kí àwọn tó ní àṣẹ ṣe iṣẹ́ wọn. Èkó ti ṣe òfin ayálégbé ní 2011, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún onílé tàbí ejẹ́ńtì láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Wọn kò tẹ̀ lé e tó, èyí kò sì fara sin. Òfin náà tilẹ̀ yọ Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀ kúrò nínú agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ níbẹ̀ ní ojú ìwé tó lè ṣí síwájú adájọ́. Àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó lè ṣe ju ti Èkó lọ: kí ẹni tó pe ejẹ́ńtì níṣẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, kí ejẹ́ńtì tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba ìbílẹ̀ má lè gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ọ́fíìsì tó ń bá gómìnà yẹ ìwé ilẹ̀ wò má buwọ́ lu títà ilẹ̀ ìdílé kankan láìrí orúkọ àti ìka àwọn ọmọ ìyá pẹ̀lú ti àwọn ọmọ bàbá, kí aládùúgbò méjì tó bá ilẹ̀ náà pààlà sì jẹ́rìí. Àwọn baba ńlá kò ní bébà, pèrègún ni wọ́n fi ń sàmì sí ààlà, níṣojú ẹni tó wà lódì kejì. Kí ẹni tó bá sì ra ilẹ̀ ní àdúgbò tó ti dáwó ra iná san ìpín tirẹ̀ fún ẹgbẹ́ onílé kó tó gbé bíríkì àkọ́kọ́ kalẹ̀.

Kò sí èyí tó le nínú wọn. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wà ní Alágbàkà, níbi tí owó ilé ti wọ́n ju ti ọ̀pọ̀ àdúgbò Àkúrẹ́ lọ, àwọn ejẹ́ńtì sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Ó kù kí àwọn ẹgbẹ́ onílé náà mọ̀ ọ́n.