Ẹni tó fọ́ iná ọkọ̀ tó sì jẹ́wọ́, ẹ má gé owó rẹ̀

Ẹ̀yin ará Kika, ẹ̀yin òǹkàwé wa ní gbogbo agbègbè Tchaourou,

Gbogbo wa ni a mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá wá kó òwú. Ọkọ̀ á wọ ìlú, á fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ibi tí òkìtì òwú wà. Ọmọ ọkọ̀ á máa pariwo pé, "Máa bọ̀, máa bọ̀!" Nígbà mìíràn, kí ó tó pe "Dúró," ọkọ̀ ti kan ògiri. Iná ẹ̀yìn fọ́. Igun ògiri ya lulẹ̀. Kò sí ẹni tó farapa. Àwọn ọmọdé á rẹ́rìn-ín.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ á pe baálé ilé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá mi gbọ́." Á yọ owó díẹ̀ fún un. Baálé ilé á gbà á. Ọmọ ọkọ̀ á fi ọ̀rá pupa di ojú iná tó fọ́. Ilẹ̀ á ṣú, ọkọ̀ á gbéra lọ sí Parakou láìní iná ẹ̀yìn kan.

Owó díẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kí ló dé tí awakọ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀? Kì í ṣe ẹ̀rù wa ni ó ń bà á. Òfin olówó ọkọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ló ń sọ pé, "Ohun tí awakọ̀ bá bàjẹ́, a ó yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀." Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn a máa ṣe é lọ́nà tó dùn létí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ní awakọ̀ tí kò bá ba nǹkan kan jẹ́ títí ọdún á fi parí, àwọn á fún un ní ẹ̀bùn. Wọ́n ń pe èyí ní òfin ààbò. Lójú tèmi, òfin tó ń kọ́ ènìyàn ní irọ́ pípa ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tó mọ̀ pé iná kan tó fọ́ yóò gba owó oògùn lọ́wọ́ òun, ṣé yóò lọ jẹ́wọ́? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1931, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Heinrich kọ ìwé kan. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí à ń san owó sí kí ó lè bá wa tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ìwé ìjàǹbá púpọ̀ ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí irú àṣìṣe kan náà bá ṣẹlẹ̀ nígbà 330, nínú 300 kò sí ẹni tí yóò farapa. Nínú 29, ènìyàn á farapa díẹ̀. Nínú 1 tó kù, ọgbẹ́ ńlá ni tàbí ikú. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó dé lẹ́yìn rẹ̀ bá a jiyàn lórí iye yìí, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́. Wọ́n jàre. Ṣùgbọ́n ẹ fi iye sílẹ̀, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ohun kékeré máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà púpọ̀ kí ńlá tó dé. Ẹni tí wọn kò sọ kékeré fún, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ńlá ń bọ̀?

Ẹ wo bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń lò. Ẹ̀rọ kan ń ki afẹ́fẹ́ sínú àgbá lábẹ́ ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, afẹ́fẹ́ yẹn ni yóò lọ ṣiṣẹ́ ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ó bá ń jò, ẹ lè gbọ́ ìró rẹ̀, bí ejò tó ń fín. Ọkọ̀ á pẹ́ kí ó tó dúró. Ǹjẹ́ ọkọ̀ tó kan ògiri wa lánàá, ṣé awakọ̀ ni kò ríran dáadáa, àbí bíréèkì ni kò tètè mú? Bí a bá ti gba owó, tí a sì pa ẹnu mọ́, kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ kan náà ni yóò gun òkè, tí yóò sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú ẹrù òwú tó ga ju ilé lọ.

Àwọn àgbà yín rántí ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá ní Tchaourou. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni ojú irin náà dé Parakou. Ọdún púpọ̀ nìyí tí kò ti gbé ẹrù mọ́. Ẹrù rẹ̀ ti bọ́ sórí títì, títì náà sì ni ọmọ wa ń gbà lọ sí Kútọnú. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu ara wọn ní Dassa-Zoumè. Iná sọ. Àwọn tó kú lé ní 20. Èmi kò sọ pé iná tó fọ́ tàbí bíréèkì ló fà á. Èmi kì í ṣe adájọ́. Mo kàn ń rán yín létí ẹni tí a jọ ń lo ọ̀nà ni.

Olówó ọkọ̀ á dáhùn pé, "Owó mi ni mo fi ra ọkọ̀. Bí n kò bá gé owó wọn, wọn yóò máa wakọ̀ bí wèrè." Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Awakọ̀ tó mu sódàbì kó tó gun ọkọ̀, ẹ lé e lọ. Èyí tó kó ènìyàn sórí òkè ẹrù nítorí owó díẹ̀, ẹ lé òun náà lọ. Àwọn yẹn kò ṣe àṣìṣe, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn lábẹ́ igi máńgòrò, tí oòrùn wà lójú rẹ̀, tí ọmọ ọkọ̀ sì dúró sí ibi tí kò ti lè rí i nínú dígí, irú èyí yàtọ̀. Gígé owó kò ní jẹ́ kí ó ríran sí i.

Àwọn mìíràn ti gbìyànjú ọ̀nà tó sàn ju èyí lọ. Ní ọdún 1976, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe láìmọ̀ọ́mọ̀, tó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ 10 tó pé, wọn kò ní gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àṣìṣe náà. Àánú yìí kò sí fún ọ̀daràn, kò sì sí fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ já lulẹ̀. Ilé-iṣẹ́ NASA, tó rán ènìyàn lọ sí òṣùpá, ni ó ń gba àwọn ìwé náà, wọ́n á sì yọ orúkọ kúrò. Ìwé tó ti dé ọwọ́ wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú lè sọ pé, "Mo ṣìṣe." Ẹni tó ń kó òwú wa ní láti fi ọ̀rá pupa bo tirẹ̀.

Ìjọba ní ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ààbò ojú pópó. Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ ti wà láti ọdún 1987, ti Nàìjíríà láti 1988. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè bá wọn níbi òkìtì òwú ní Kika. Àwa la wà níbẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti oorun. Láti Kútọnú dé Malanville lé ní 700 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí 12 lórí àga. Ní Yúróòpù, bí ó bá ti wakọ̀ fún wákàtí 4 àbọ̀, òfin ní kí ó sinmi ìṣẹ́jú 45. Kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 9 lọ lójúmọ́, àfi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó lè dé 10. A jẹ́ pé yóò sùn lójú ọ̀nà kí ó tó dé Malanville. Olówó ọkọ̀ tó ń bínú nítorí iná tó fọ́, ẹ bi í léèrè wákàtí mélòó ni awakọ̀ rẹ̀ sùn kó tó wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé wa. Ohun tí mo fẹ́ kò wọ́n. Kí a ra kàyé kan, kí ó máa wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wọn òwú. Ohunkóhun tí ọkọ̀ bá kàn, kí a kọ ọ́ síbẹ̀, kí a má kọ orúkọ awakọ̀. Kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sọ fún olówó ọkọ̀ pé a ń kọ ọ́, pé a kò ní gba owó ìkọ̀kọ̀ mọ́, àti pé bí a bá gbọ́ pé ó gé owó ẹni tó jẹ́wọ́, a ó wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Ògiri tó wó, kí olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tún un mọ, ní gbangba. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ fọ́, kí ó má kúrò ní Kika ní alẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí kíláàsì alẹ́, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ ọjọ́ àti oṣù. Báyìí ni kí ẹ ṣe kọ ọ́:

"Ọjọ́ 14, oṣù 1. Kika, níbi òkìtì òwú. Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn kan ògiri. Iná ẹ̀yìn ọ̀tún fọ́. Ọmọ ọkọ̀ dúró sí ibi tí awakọ̀ kò ti rí i. Kò sí ẹni tó farapa. Wọ́n fi iná tuntun sí i kó tó lọ."